Àmín Tí Wọ́n Kà Sí Ìbò

Akọ̀wé ẹgbẹ́ wa dìde, ó fi etí bùbá nu gíláàsì ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka àkọsílẹ̀ ìpàdé oṣù tó kọjá. Ó ka orúkọ ẹni tó gbàdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Ó ka ọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí lẹ́yìn ìsọ̀ àwọn onísìmẹ́ńtì. Lẹ́yìn náà ló ka gbólóhùn kan tó mú kí ọwọ́ mi méjèèjì tutù nínú ooru ọ̀sán: "Gbogbo ilé fi ohùn kan gbà pé kí Alága máa bá iṣẹ́ rere rẹ̀ lọ láìsí gbèdéke."

Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo wà ní ìpàdé oṣù tó kọjá yẹn. Láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin ni mo wà níbẹ̀, lórí bẹ́ǹṣì tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà jù lọ, níbi tí mo máa ń jókòó sí. Ẹnikẹ́ni kò dìbò. Ẹnikẹ́ni kò nawọ́. A kò tilẹ̀ dárúkọ sáà rárá.

Obìnrin kan tó ń ta ọ̀dà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Ọlọ́dà, ló jókòó tì mí. Ó fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi.

"Bàbá Onílẹ̀kùn, ìgbà wo la gbà?"

"Ẹ rọra," ni mo wí.

Ẹni tí mo ní kó rọra ló nawọ́ sókè bí ọmọ ilé ìwé. "Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo la fi ohùn kan gbà?"

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. "Ìyá wa, nígbà àdúrà ìparí ni. Wọ́n ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí Alága máa ṣe é lọ títí ayé, ẹ̀yin náà sì wí pé àmín. Mo gbọ́ ohùn yín. Ohùn yín ló tilẹ̀ ròkè jù."

Ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ọlọ́dà fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí ó fi ń nu ojú. Ẹnì kan ní, "Kai! Akọ̀wé yìí ò ní pa wá!" Alága jókòó níwájú, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń mi orí bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ya òun alára lẹ́nu. Wọ́n bi wá bóyá àkọsílẹ̀ náà tọ́. Ẹnì kan ní ó tọ́, ẹlòmíràn ní òun gbè é lẹ́yìn, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èmi nìkan ni n kò rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti gbọ́ irú àmín bẹ́ẹ̀ rí.

N kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Púpọ̀ nínú àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn ṣì wà láyé, wọ́n ṣì ń ta ọjà, èmi náà sì ṣì ń tà. Ọjà ohun èlò ilé kíkọ́ tó wà ní Dei-Dei, ní Àbújá, ni mo ń sọ. Ẹgbẹ́ àwa Yorùbá tó wà níbẹ̀ pọ̀ díẹ̀: àwọn ará Ìlọrin tó ń ta páìpù, àwọn ará Ọ̀yọ́ tó ń ta táìlì, àwọn ọmọ Ọ̀ṣun tó ń tẹ irin. Ilẹ̀kùn ni èmi ń tà, onípákó àti onírin, pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ wọn. Ẹgbẹ́ ló ń bá wa dúró níwájú àwọn tó ni ọjà, òun ló sì ń fún ni ní ìwé ìsọ̀. Ẹni tí ẹgbẹ́ bá gba ìwé ìsọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kó tètè wá ibòmíràn lọ.

Kí n má purọ́, Alága wa kì í ṣe èèyàn burúkú níbẹ̀rẹ̀. Òun ló gbẹ́ kànga ẹlẹ́rọ tí a ń mu. Òun ló lọ bá àwọn ọmọ tó ń dí wa lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ọjà jà. A dìbò yàn án lẹ́ẹ̀kan, a tún yàn án lẹ́ẹ̀kejì, èmi náà sì dìbò fún un nígbà méjèèjì. Ọdún tí sáà rẹ̀ kejì ń parí lọ yẹn náà ni gbogbo rédíò ń jiyàn bóyá kí wọ́n fi sáà kẹta kún méjì tí òfin ìlú là sílẹ̀ fún olórí. Alága a máa tẹ́tí sí i gan-an. A máa fi ẹ̀rín sọ pé, "Bí ti òkè bá ṣeé ṣe, ti Dei-Dei ò ní ṣòro."

Kí n tó dé Àbújá, Ìbàdàn ni mo ti ń ṣiṣẹ́, nílé ìtẹ̀wé kékeré kan. Iṣẹ́ mi ni láti máa to lẹ́tà. Nígbà tí olórí ìjọba ológun kan ń gbèrò láti di alágbádá láìbọ́ sílẹ̀ lórí àga, àdúrà ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ládùúgbò wa. Wọ́n kó àwọn àgbà jọ sí gbọ̀ngàn kan, wọ́n ní kí wọ́n gbàdúrà fún olórí. Ta ni yóò kọ̀ láti gbàdúrà fún olórí? Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ṣe àmín, wọ́n jẹun, wọ́n lọ sílé. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, a gbọ́ pé àwọn àgbà ti bẹ olórí kó má lọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí i gẹ́lẹ́ bí àwa ṣe rẹ́rìn-ín ní Dei-Dei. Lẹ́yìn ìyẹn ni iṣẹ́ dé ọ̀dọ̀ wa nílé ìtẹ̀wé, ìwé fífẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lẹ̀ mọ́ ògiri, pé gbogbo ìlú ló ní kó dúró. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi to lẹ́tà rẹ̀. Mo tilẹ̀ ń súfèé bí mo ti ń tò ó. Iṣẹ́ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ni mo sọ fún ara mi.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan gbé ìwé pélébé tiwọn wá, èyí tó ní kí olórí náà máa lọ. Ọ̀gá mi gba ìyẹn náà. Ìyẹn ni àwọn ológun tìtorí rẹ̀ wá. Ọ̀gá mi ti gba ẹ̀yìn jáde, èmi ni wọ́n bá nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n ní kí n wá dáhùn ìbéèrè díẹ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi dáhùn ìbéèrè díẹ̀ yẹn. Ohun tí ojú mi rí níbẹ̀, n kò sọ ọ́ fún ìyàwó mi, n kò sì ní kọ ọ́ síhìn-ín.

Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan wà nínú yàrá àhámọ́ wa, olùkọ́ ìtàn nílé ẹ̀kọ́ gíga. Ọkùnrin tín-ín-rín kan ni, ó máa ń wúkọ́. Kí ọkàn wa má baà bàjẹ́, ó ń kọ́ wa bí ẹni pé a fẹ́ ṣe ìdánwò. Ó sọ ìtàn olóyè kan ní Ọ̀yọ́ ilé àtijọ́ fún wa, ẹni tí wọ́n fún lágbára láti máa ṣọ́ ọba kí ọba má baà ṣe àṣejù, tó wá fi agbára náà ń pa ọba lọ́kọ̀ọ̀kan títí òun fi ju ọba lọ. Ó ní, "Ó dá mi lójú pé nígbà tó pa ti àkọ́kọ́, àwọn kan pàtẹ́wọ́, torí wọn ò fẹ́ràn ọba ọ̀hún. Wọn ò mọ̀ pé idà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún ò ní padà sínú àkọ̀." Ó tún máa ń sọ pé àwọn apàṣẹwàá kì í gba ẹ̀tọ́ èèyàn lẹ́ẹ̀kan náà, ibi tí ojú á ti tì ọ́ láti sọ pé rárá ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Mo fi gbogbo rẹ̀ sọ́kàn, kì í ṣe torí pé mo gbọ́n, bí kò ṣe pé kò sí nǹkan mìíràn tí mo lè ṣe.

Nígbà tí mo jáde, mo kó ẹbí mi wá sí Karmo, ní Àbújá, mo sì búra pé n kò tún ní dá sí ọ̀rọ̀ kankan mọ́ láyé mi.

Ọjọ́ kejì ìpàdé yẹn, Ìyá Ọlọ́dà wá sí ìsọ̀ mi. "Ẹ ò rẹ́rìn-ín lánàá," ló wí. "Mo ń wò yín. Ojú yín funfun bí ọ̀dà tí mi ò tíì po."

Mo fẹ́ dákẹ́. Mo gbìyànjú gan-an. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti kún mi lẹ́nu, ó sì tú jáde, látorí àdúrà gbọ̀ngàn dé orí olóyè Ọ̀yọ́. Bí mo ti ń sọ ọ́, inú mi ń dùn lọ́nà kan tí n kò lè ṣàlàyé, bí ẹni tó gbé ẹrù sọ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo parí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

"Ìwé òfin ẹgbẹ́ ńkọ́? Kí ló wí?"

"Akọ̀wé ti gba gbogbo rẹ̀ padà lọ́wọ́ àwọn èèyàn lọ́dún tó kọjá. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe àtúnṣe sí i."

"Háà! Àní mo fún un ní tèmi! Mo tún dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀!" Ó gbá orí ara rẹ̀. "Ẹ̀yin náà fún un?"

Mo ti sọ fún Akọ̀wé pé tèmi ti sọnù. Kò sọnù. Ẹni tó ti to lẹ́tà rí kì í ju ohun tí wọ́n bá tẹ̀ nù. Ó wà nílé ní Karmo, lábẹ́ àpótí aṣọ. Ìwé pélébé olójú ewé méjìlá ni, ojú ewé keje ló sì sọ ọ́ láìfepo bọyọ̀: sáà méjì péré, ìwé ìdìbò nínú àpótí, níṣojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́.

Kò pẹ́ tí Alága fi gbọ́ pé mo ń sọ̀rọ̀. Ó wá sí ìsọ̀ mi láàárọ̀ ọjọ́ kan pẹ̀lú méjì nínú àwọn ọmọ tásífọ́ọ̀sì. Tuntun ni àwọn ọmọ wọ̀nyí, Alága ló kó wọn wá láti máa ṣọ́ ọjà. Wọ́n wọ aṣọ dúdú, wọn kì í kí àgbà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjà o."

"Ọjà á tà, Alága."

Ó fi ìka kan ilẹ̀kùn kan kọ́kọ́kọ́ bí oníbàárà. "Wọ́n ní ẹ ń sọ ìtàn fún àwọn èèyàn mi."

"Ìtàn wo? Ọ̀rọ̀ àgbàlagbà lásán ni."

"Ẹ sọ ọ́ fún èmi náà. Mo fẹ́ràn ìtàn."

"Ti Ìbàdàn ni," ni mo wí.

"Yauwa. Ìgbà tí wọ́n gbé yín. Mo ti gbọ́." Ó sún mọ́ mi, ó sì rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń ṣàánú mi. "Ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. N kì í ṣe ejò, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n má tún gbé yín o. Àgbà ti dé sí yín."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo bá àmì ọ̀dà pupa lára ìsọ̀ mi, ìlà méjì tó dábùú ara wọn. Ó wà lára ìsọ̀ Ìyá Ọlọ́dà náà, àti lára ìsọ̀ àwọn díẹ̀ mìíràn tó ti béèrè ìbéèrè. Ẹni tó bá gbé Àbújá lákòókò yẹn ò nílò àlàyé. Bí o bá rí àmì pupa lára ilé, o mọ̀ pé katakátá tó ń wó ilé ń bọ̀. Ìwé tún wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ mi: ẹgbẹ́ fẹ́ tún ìsọ̀ tò, kí n kó ẹrù mi jáde lẹ́yìn ìpàdé tó ń bọ̀, níbi tí wọn yóò ti fìdí àṣẹ tuntun Alága múlẹ̀. Ìsọ̀ yẹn ni gbogbo ohun tí mo ní láyé. Òun ló ń bọ́ wa, òun ló ń rán àwọn ọmọ lọ sílé ìwé.

Ìyàwó mi ka ìwé náà, ó ká a, ó sì dá a padà fún mi. "Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́," ló wí. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Bí ẹ bá bẹ̀ ẹ́, ṣé á dáwọ́ dúró?"

Mo ronú sí i dáadáa. Mo ní rárá.

"Ẹ má bẹ̀ ẹ́, ẹ jàre."

Ẹ̀yìn ìsọ̀ Álífáà kan tó ń ta páìpù la ti pàdé, lẹ́yìn ìrun alásàárì. Ará Ìlọrin ni, àgbà tí gbogbo ọjà ń bọ̀wọ̀ fún. A kò ju méje lọ. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ ni ti àmín, torí pé àwọn kan ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Wọ́n ní ìpàdé tó ń bọ̀, àdúrà yẹn náà ni wọn yóò tún gbà, kí ni kí a ṣe? Ṣé èèyàn lè jókòó síbi tí wọ́n ti ń gbàdúrà kó di ẹnu?

Álífáà fọwọ́ ra irùngbọ̀n. "Àmín, ọ̀dọ̀ Ọlọ́run ló ń lọ. Ta ló ní kí Akọ̀wé dá a dúró lójú ọ̀nà, kó fi báírò gbà á?"

A rẹ́rìn-ín débi pé a ní láti bo ẹnu. Ìyá Ọlọ́dà ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Àdúrà ni wọ́n mọ̀? Èmi náà mọ̀ ọ́n gbà. Ẹ jẹ́ ká wò ó."

Iṣẹ́ tèmi ni ojú ewé keje. N kò gbọ́dọ̀ ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ nínú ọjà, nítorí náà mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Wúsè, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti mọ̀ mí. Ẹ̀rọ náà ń sọ ìwé jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkàn mi ń bá a sáré. Ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ kò tilẹ̀ wò ó! Mo kó wọn sínú àpò sìmẹ́ńtì òfìfo, mo gbé wọn dé ìsọ̀. Ẹ mọ̀ pé páálí kékeré ni kọ́kọ́rọ́ tuntun máa ń wà nínú rẹ̀. Mo ká ìwé kọ̀ọ̀kan, mo fi sínú páálí, mo sì jókòó. Láti ọjọ́ yẹn lọ, gbogbo ọjà wá ń nílò kọ́kọ́rọ́. Onítáìlì wá, ó ní òun fẹ́ kọ́kọ́rọ́. Àwọn tó ń tẹ irin wá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n á mú páálí lọ, wọ́n á dá kọ́kọ́rọ́ padà nírọ̀lẹ́. Ọmọ tásífọ́ọ̀sì kan dúró níwájú ìsọ̀ mi, ó ń wò.

"Baba, market dey move o."

"Olè pọ̀ nílùú," ni mo dá a lóhùn, mo sì yí ojú kúrò kó má baà rí ẹ̀rín mi. Ẹ̀rín! Èmi tí ń sá bí ọkọ̀ bá ti dúró lójijì!

Ọjọ́ ìpàdé pé. Ilé kún dé ojú fèrèsé. Àwọn ọmọ tásífọ́ọ̀sì tò sí ẹnu ọ̀nà, nítorí náà bẹ́ǹṣì mi ò sún mọ́ ọ̀nà àbáyọ kankan mọ́. Ẹ̀gbẹ́ wọn ló sún mọ́. Ọkùnrin tó ń ta ìṣó, tó máa ń gbàdúrà fún ẹgbẹ́, dìde. Ó gbàdúrà fún ọjà, a ṣe àmín. Ó gbàdúrà fún àwọn tó ń rìnrìn àjò, a ṣe àmín. Lẹ́yìn náà ló gbé ohùn sókè: "Bàbá, Alága tí ò ń lò yìí, jẹ́ kó máa jókòó lórí àga yìí títí ayé!"

Kẹ́kẹ́ pa. A gbọ́ tírélà tó ń já irin sílẹ̀ lókèèrè.

Akọ̀wé nìkan ló ní, "Àmín."

Ohùn rẹ̀ dá wà nínú ilé bí ẹni tó wọ balùwẹ̀ lọ kọrin. Ẹnì kan pòṣé. Ẹlòmíràn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín.

Kí oníṣó náà tó rí ohun tí yóò ṣe, Ìyá Ọlọ́dà ti dìde, ó ti di ojú. "Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ọlọ́run, a dúpẹ́ kànga tí Alága gbẹ́ fún wa."

"Àmín!"

"Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ dáadáa, jẹ́ kó parí dáadáa!"

"Àmín!"

"Jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí sáà rẹ̀ bá pé, kó sinmi, kí ara rẹ̀ le, kí a dìbò yan ẹlòmíràn láìsí ìjà!"

Àmín tí ilé ṣe lọ́jọ́ náà, páànù orí ilé gbọ̀n. Àwọn obìnrin ń fò sókè. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń tẹ irin gun bẹ́ǹṣì, ó ń pariwo, "Akọ̀wé, kọ ọ́! Gbogbo ilé fi ohùn kan gbà! A ti gbà á! Ohùn wa ló ròkè jù!" Gbogbo ènìyàn ń kọ ọ́ lórin: "Kọ ọ́! Kọ ọ́!" Èmi náà ti la ẹnu láti pariwo.

Ibẹ̀ ni mo rántí idà tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún. Ó bọ́ sí mi lọ́kàn gidi, bí ẹni pé olùkọ́ náà wúkọ́ lẹ́yìn mi. Bí Akọ̀wé bá kọ àmín tiwa, àmín ti di òfin nìyẹn. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹnikẹ́ni tó bá mọ àdúrà gbà ni yóò máa jọba lé wa lórí.

Mo dìde. N kò mọ bí mo ṣe dìde. "Ẹ má kọ ọ́!" ni mo kígbe.

Wọ́n wò mí bí ọ̀dàlẹ̀. "Bàbá Onílẹ̀kùn, ẹ̀yin náà?" ni onírin náà wí.

"Ẹ má kọ ọ́. Tiwọn kì í ṣe ìbò, tiwa náà kì í ṣe ìbò. Àdúrà ni." Mo fa ìwé mi yọ. N kò tilẹ̀ wò ó, mo ti mọ̀ ọ́n sórí. "Ojú ewé keje. Sáà méjì ni alága yóò lò..."

Alága juwọ́ sí àwọn ọmọ tásífọ́ọ̀sì. Méjì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo mọ ìrìn yẹn. Mo dá kíkà dúró, mo ká ìwé náà.

Mo wá gbọ́ ariwo ìwé. Wọ́n ń fà á yọ láti inú àpò, láti inú gèlè, láti abẹ́ fìlà. Álífáà ló gba kíkà náà lẹ́nu mi, ó ń kà á pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń kéwú. Ìyá Ọlọ́dà, tí kò mọ̀wé púpọ̀, ń tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà gbogbo ilé ń kà á pọ̀, àwọn kan sáré síwájú, àwọn kan rẹ̀yìn: ìwé ìdìbò nínú àpótí, níṣojú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́. Àwọn ọmọ náà dúró láàárín ìlà bẹ́ǹṣì. Wọ́n wo Alága. Alága wo ilé títí.

"Ó dáa," ló wí. "Ẹ dìbò yín."

Ike ọ̀dà ńlá kan tí Ìyá Ọlọ́dà gé ojú sí lórí la fi ṣe àpótí. Onítáìlì ará Ọ̀yọ́ kan ló wọlé, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ó tẹ ìwé òfin tuntun, ó fún olúkúlùkù ní ọ̀kan. Ó fagi lé ọ̀rọ̀ ìtúntò ìsọ̀, Ìyá Ọlọ́dà sì fi ọ̀dà àwọ̀ ewé bo àmì pupa gbogbo wa. Ó ní òun ò gba kọ́bọ̀, kí a ṣáà máa kí òun dáadáa.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ò tíì tán fún èmi. Kí alága àtijọ́ tó kó jáde nínú ọ́fíìsì, ó ti kọ̀wé sí àgọ́ ọlọ́pàá pé mo ń dá ìjà sílẹ̀ nínú ọjà, pé mo ti ṣẹ̀wọ̀n rí. Wọ́n ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ní kí n wá dáhùn ìbéèrè díẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń lọ, ìyàwó mi á di aṣọ méjì àti ọṣẹ fún mi. Wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀, wọ́n á ní kí n padà wá. Oorun dá lójú mi. Àwọn ọ̀dọ́ ọjà ní kí a lọ kó ìtìjú bá alága àtijọ́ nílé rẹ̀ ní Jahi, alága tuntun ní rárá. Òun àti Álífáà ló lọ, pẹ̀lú àwọn àgbà méjì. Wọ́n sọ fún un pé ẹgbẹ́ ò ní gbàgbé kànga, pé bẹ́ǹṣì iwájú ṣì jẹ́ tirẹ̀ bó bá wá ìpàdé, pé kò sẹ́ni tó ń lé e bí olè. Álífáà sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ọkùnrin náà béèrè pé, "Onílẹ̀kùn yẹn, ṣé ẹ̀rù mi ń bà á ni?" Álífáà ní, "Ó ń bà á gan-an. Síbẹ̀ náà, ó dìde."

Ọjọ́ kẹrin tí mo lọ, mo bá a ní àgọ́ náà. Ó ti fọwọ́ sí ìwé pé òun yọwọ́ nínú ẹ̀sùn náà. Kò wojú mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta," ó sì gba ẹ̀gbẹ́ mi jáde. Sájẹ́ǹtì tó ń kọ ọ̀rọ̀ mi sílẹ̀ pa fáìlì mi dé.

"Baba, sànnu. Go house. E don finish."

N kò kúrò. Mo sọ fún un pé mo fẹ́ kó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi.

Ó wò mí bí ẹni tó rí ewúrẹ́ tó ń sọ Hausa. "Wetin?"

"Kọ ọ́. Pé ó ti tán. Kí o fọwọ́ sí i, kí o lu òǹtẹ̀."

Mo rò pé yóò bínú. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó pe ẹnì kejì rẹ̀ wá gbọ́ ohun tí bàbá ń wí, àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín dáadáa. Lẹ́yìn náà ó wá ìwé, ó kọ ìlà mẹ́ta, ó fọwọ́ sí i, ó sì gbé òǹtẹ̀ lé e gbì! Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí ìdúró. Mo ní kó ṣe àtúnṣe sí ọjọ́ tó kọ, torí kò tọ̀nà. Ó tún un ṣe.

Níta, oòrùn ti mú. Mo jókòó sórí òkúta kan létí títì, ìdì aṣọ àti ọṣẹ lórí itan mi, mo pe ìyàwó mi lórí fóònù. Ó gbé e kí ó tó dún tán.

"Wọ́n ti tú mi sílẹ̀," ni mo wí. "Mo ní ìwé rẹ̀ lọ́wọ́."

N kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ariwo ẹkún ni mo gbọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀rín, lẹ́yìn náà ó ń pe àwọn aládùúgbò lórúkọ, ó ti gbàgbé pé mo ṣì wà lórí fóònù.